Ìbọn Tí Ọkọ Mi Fi Ta Mí Lọ́rẹ

Àbúrò ọkọ mi ṣì wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Mo dúpẹ́ fún un. Mi ò fẹ́ kó tètè kú rárá. Mo fẹ́ kó dàgbà, kó darúgbó, kó máa rántí ọjọ́ Sátidé kan ní Ìdásẹ̀n nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ jókòó síbi tí èèyàn bá pọ̀ sí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi máa ń sọ fún mi pé kí n dárí jì í, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé mo ti gbọ́. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Ìbọn kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í ṣe ìbọn gidi. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, ìbọn ìléwọ́, dúdú, tí wọ́n ṣe láti jọ èyí tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ń fi sí ìbàdí. Ìgò gáàsì kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló ń wọ inú ìdí rẹ̀. Ọta rẹ̀ jẹ́ irin róbótó-róbótó tó kéré ju ẹ̀wà lọ. Tí o bá fà á, á dún "pọ́", bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ó lè gbá agolo ṣubú, ó lè fọ́ èèyàn lójú náà bí ẹni tó mú un dání kò bá lọ́gbọ́n, ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi ra gíláàsì ojú méjì mọ́ ọn. Eré ìdárayá ni wọ́n ń fi ṣe lókè òkun. Wọ́n á gbé pátákó kalẹ̀, wọ́n á fa ìlà róbótó sí i, wọ́n á wá máa wo ẹni tí yóò bá àárín.

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ni ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi wà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, póló bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pè é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé lókè òkun ló mú ìbọn náà wá fún un nígbà tó wálé. Ọkọ mi, ẹni tí kì í kọjá lórí koríko tí wọ́n bá ní kí èèyàn má tẹ̀ ẹ́, kọ́kọ́ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kó tó gbé e wọlé. Ọ̀gá ibẹ̀ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun ìṣeré ni, ṣùgbọ́n kí a má gbé e rìn lójú títì, torí ẹni tó bá rí i kò ní dúró béèrè bóyá eré ni. A pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Inú àpótí ni ìbọn ń wà títí di Sátidé, tí a bá dé oko kòkó wa ní Ìdásẹ̀n.

Ibẹ̀ la ti ń ta agolo. A á so agolo tòmátò mẹ́fà mọ́ ẹ̀ka igi, a á ka ẹsẹ̀ ogún sẹ́yìn, a á wọ gíláàsì wa. Oṣù mẹ́ta kò pé tí mo fi ju ọkọ mi lọ. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, mi ò lè dúró pẹ́, nítorí náà mo máa ń fi orúnkún kan kúnlẹ̀, màá fi ìgbọ̀nwọ́ ti orúnkún kejì, ọwọ́ mi á sì dúró gbọn-in. Ọkọ mi á ní, "Ìwọ nìkan lo máa ń kí agolo kó o tó pa á." Nígbà tí mo pé àádọ́ta ọdún, ó fi aṣọ funfun wé ìbọn náà, ó gbé e fún mi lójú ọmọbìnrin wa. Ó ní, "Gbà, ó ti ju agbára mi lọ. Ìwọ lo ni ín." Mi ò tí ì gba ẹ̀bùn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí, títí kan gbogbo léèsì tó ti rà fún mi.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e lulẹ̀ nínú balùwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọ́síbítù, láàárín àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kó tó kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n jókòó láti pín ẹrù òkú. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa àbúrò ọkọ mi: ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí mo wọlé bí ìyàwó. Èmi ni mo ń fọ ṣòkòtò iléèwé rẹ̀. Èmi ni mo ń yọ jìgá lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i. Nítorí náà "Ọkọ mi" ni mo ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n rẹ̀, títí ó fi di ẹni tó ń dún bí àgbá òfìfo. Ó wà lára àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò. Ó ti pa ìgalà kan rí nígbà èwe rẹ̀, ìgalà náà sì ń tóbi sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí ọkọ mi máa fi kú, ó ti tó màlúù.

Wọ́n pín agbádá, wọ́n pín bàtà, wọ́n pín aago ọwọ́. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ló bá wò mí.

Ó ní, "Ìyàghó." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nílé wọn nìyẹn, nínú èdè Ọ̀wọ̀ wa. "Ìbọn bùọ̀dá mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ọkọ mi, kò sí lára ẹrù. Wọ́n ti fi ta mí lọ́rẹ kí wọ́n tó lọ."

"Obìnrin kì í jogún ìbọn."

"Mi ò jogún rẹ̀, ẹ má bínú. Wọ́n fún mi nígbà tí wọ́n wà láàyè ni. Ọmọ wọn wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dáa. Ẹ̀rín yẹn ni mo yẹ kí n bẹ̀rù.

Kò purọ́ tó ní orí àti ìdí, ìyẹn ni ọgbọ́n rẹ̀. Ohun tó ń sọ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, àti lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò ju gbólóhùn méjì lọ. Á ní, "Ìyàwó bùọ̀dá mi ti ní ìbọn nílé kí bùọ̀dá mi tó kú." Á wá fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹ̀yin ẹ ṣáà rò ó." Gbogbo èèyàn ló sì rò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti yìnbọn pa àwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú wa, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ "ìbọn" tí ara rẹ̀ kì í bù máṣọ. Obìnrin méjì tí wọ́n ti ń jókòó tì mí láti ogún ọdún sún lọ sí bẹ́ǹṣì iwájú. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí mo ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn mi, àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò mẹ́rin ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tú gbogbo àpótí mi sójú àwọn ará àdúgbò, títí kan èyí tí mo kó àwọ̀tẹ́lẹ̀ sí, wọ́n sì gbé ìbọn lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ohun ìṣeré ni, kí n má bínú. Inú pálọ̀ mi ni wọ́n ti sọ ọ́, láàárín èmi àti wọn. Níta, orúkọ mi ti di Ìyá Oníbọn.

Àlùfáà wa pè mí, ó ní ìbínú kò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Mo bi í bóyá ó ti sọ ọ́ fún àbúrò ọkọ mi náà. Ó ní òun máa sọ ọ́.

Gbogbo èyí, mo lè gbé e mì. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni ti ọmọ mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, nọ́ọ̀sì ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Tíṣà kan ní Ìfọ́n fẹ́ ẹ, ọmọlúàbí, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó sọ pé kó má ṣe é. A ti mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí ìyá ọkọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀ ná." Ohùn rẹ̀ tutù. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣáà mọ ohun táráyé ń sọ." Ọmọ mi wọ yàrá, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Èmi ò sunkún. Mo gbé àpótí mi, mo lọ sí Ìdásẹ̀n, mo so agolo mẹ́fà mọ́gi, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ kan náà.

Sátidé sí Sátidé ni mo ń lọ. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko ń gbọ́ pọ́, pọ́, pọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ń tù mí lára, ṣùgbọ́n kò tù mí lára. Ṣe ló ń pọn ìbínú mi bí èèyàn ṣe ń pọn àdá. Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Gbólóhùn yẹn ni mò ń wí kí n tó fà á.

Ọmọ mi kò jókòó sunkún lásán. Òun àti tíṣà rẹ̀ bẹ àwọn òbí ọkùnrin náà títí wọ́n fi gbà láti wá síbi ìrántí ọdún kan bàbá rẹ̀, ní ilé oko wa ní Ìdásẹ̀n. Wọ́n ní àwọn á bá wa jẹun, àwọn á fi ojú ara àwọn wo irú èèyàn tí a jẹ́, bí ó bá sì tẹ́ àwọn lọ́rùn, níbẹ̀ ni a óò ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọmọ mi wá kúnlẹ̀ níwájú mi ní ilé ìdáná.

Ó ní, "Mọ́mì, ọjọ́ kan péré ni. Ańkù á wà níbẹ̀, ẹ ò lè ní kí wọ́n má wá síbi ìrántí bùọ̀dá wọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, ẹ bá mi gbé e mì."

Mo ní mo gbọ́. Mo fi Ọlọ́run búra fún un. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ gbé ìbọn jáde ní gbangba, kí gbogbo ayé rí i pé ohun ìṣeré ni, kí n sì jẹ́ kí ọdẹ tó pa ìgalà ta á, kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé nítorí ọmọ mi ni, kí orúkọ wa lè mọ́. Irọ́ ni. Nítorí tèmi ni.

Ọjọ́ náà dáa. A gún iyán, a se ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́. Àwọn àna wa ti Ìfọ́n dé lágogo mọ́kànlá, bàbá ọkọ, ìyá ọkọ, àti ìyá àgbà kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá, tó ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n ti kìlọ̀ pé àwọn á padà kí oòrùn tó rọ̀, nítorí ọ̀nà. Wọ́n jẹun, wọ́n yin ọbẹ̀. Ìyá àgbà béèrè ta ló gún iyán, ọmọ mi ní òun ni, ìyá àgbà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀. Bàbá ọkọ nu ẹnu, ó wò mí, ó ní, "Ìyá wa, oṣù Kejìlá ńkọ́? Ṣé kò ní ká yín lára?"

Mo ní kò ní ká wa lára. Ọmọ mi wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo lè jókòó. Ẹran ṣì wà nínú ìkòkò, mo lè bù ú fún wọn kí n jókòó. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ igi máńgòrò, àbúrò ọkọ mi ti mu ẹmu dé ìdí, ó ń sọ ìtàn ìgalà fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe ìwo. Mo dìde, mo lọ gbé àpótí.

Mo ṣí i níwájú àwọn àna mi. Mo ní, "Ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ wá wò ó." Ọmọ mi ti ń mi orí sí mi, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bàbá ọkọ gbé ìbọn náà, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò, ó ní, "Èyí náà ni?" Mo ti so agolo méje mọ́gi láàárọ̀, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú un. Ó ta agolo kan ṣubú, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ fọwọ́ kan mi léjìká, ó ní, "Ẹnu ayé ṣá." Orúkọ mi ti mọ́ níbẹ̀. Kí n ti àpótí ló kù.

Mo gbé ìbọn lọ síbi igi máńgòrò. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin lọdẹ. Ẹ wá fi hàn wá."

Ọwọ́ ẹni tó ń gbé ìbọn gígùn léjìká, tí ẹmu sì ti wọ̀ lára, kò mọ ohun kékeré yẹn mú. Ó ta ẹ̀ẹ̀mẹfà, agolo kan kò mì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ní, "Ìgalà ọjọ́sí, ṣé kì í ṣe pé ó ti kú kó o tó yìnbọn sí i?" Ẹ̀rín sọ. Mo gba ìbọn, mo fi orúnkún kan kúnlẹ̀, mo ta agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọta tán nínú rẹ̀ pẹ̀lú agolo kẹfà, èmi nìkan ni mo mọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ìyá àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé ẹ̀yìn tó ń dùn mí.

Àbúrò ọkọ mi ti padà lọ jókòó. Kò pariwo. Ó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Obìnrin tó mọ ìbọn ta tó báyìí. Bùọ̀dá mi sì ti kú." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹ̀yin ẹ ṣáà rò ó."

Ọmọ mi sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

Mo rìn lọ bá a. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun." Ṣùgbọ́n orúnkún kan ni mo fi kúnlẹ̀. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìkejì, mo sì na ìbọn sí àárín iwájú orí rẹ̀.

Òun gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ta agolo. Ó mọ̀ pé ohun ìṣeré ni. Síbẹ̀ àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà, ó yọ́ bọ́ láti orí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ìyàghó, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́."

Mo ní, "Kí ló pa bùọ̀dá yín?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

"Kí lẹ ń sọ kiri?"

"Mo purọ́. Torí ìbọn tí o kò fún mi ni. Mo purọ́." Ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù níwájú.

Mo lè gbé ọwọ́ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún kan, ó ti wà lójú gbogbo èèyàn. Mi ò gbé e sílẹ̀. Mo ní kó tún un wí, kó gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà ní ilé ìdáná lè gbọ́. Ó tún un wí. Mo wá fà á. Kò sí ọta nínú rẹ̀, gáàsì lásán ló dún, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin figbe ta, ọ̀kan gbé ọmọ rẹ̀ sá wọ inú kòkó. Àbúrò ọkọ mi dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Mo wò ó dáadáa, mo rí i tán, mo sì dìde.

Ìyá àgbà ti dìde náà. Ó ní kí wọ́n mú ọ̀pá òun wá, oòrùn ń lọ. Ìyá ọkọ wá bá mi, kò bínú, ojú àánú ló fi wò mí.

Ó ní, "Ìyá wa, a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé irọ́ ló pa. A gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó ní ẹ lè ṣe, a ti fojú ara wa rí i."

Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún àwọn òbí rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó ń wo ọmọ mi, lẹ́yìn náà ó wọlé síwájú, ó wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà Ìfọ́n. Kò padà wá, kò sì sí ẹni tó tún dárúkọ oṣù Kejìlá fún wa.

Mo bá ọmọ mi lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń fọ àwo. Mo gbé omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ wá fún un. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ó dùn?"

Mo lè sọ pé kò dùn. Ìyá mìíràn á sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tí ì purọ́ fún ọmọ yẹn rí, àyàfi ìgbà tí mo búra fún un.

Mo ní, "Ó dùn."

Ó ní, "Ó yẹ kó dùn. Ilé ọkọ mi lẹ fi rà á." Ó sì mú àwo mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.